Tanwíjí Tí Mo Sìn

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ń fi ojú rere wò ọ́, ṣé àjà kẹsàn-án tí wọ́n gbé ọ sí yẹn kì í mì nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́? Ọlọ́run tó ń bá ọ wọ inú àpótí onírin tó ń gbé yín gòkè láràárọ̀, òun náà ni yóò máa bá ọ sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Okùn rẹ̀ kò ní já. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní ṣì í tẹ̀. Iná kò ní lọ nígbà tí ẹ bá wà láàárín òkè àti ilẹ̀. O kò ní rí àìsàn, o kò ní rí àrùn, ohun tó ń ṣe àwọn ará ibí kò sì ní mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa. Ara rẹ̀ ti ń yá. Mo tètè fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má baà já, nítorí pé ibi tí mò ń lọ nínú lẹ́tà yìí jìn, ojú sì ń tì mí láti débẹ̀.

Ìwọ náà á ti rí i pé ìkọ̀wé yìí kì í ṣe tèmi, torí ó dúró lórí ìlà. Má-sáré ló ń bá mi kọ ọ́. O kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ìgbà tí o lọ ló kó dé. Awakọ̀ akẹ́rù ni, yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ ló ń gbé, ohun tó kọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ la fi ń pè é. Ó jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ mi, èmi dúró, mo kẹ́yìn sí i, mò ń fá pákó, mò ń sọ̀rọ̀, òun ń kọ. Ó ní kí n máa rọra sọ ọ́, pé ọwọ́ òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ mo ti mú un ṣèlérí pé ohun tí mo bá sọ gan-an ni yóò kọ, ì báà kan ta ni, kò ní fi kún un, kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Ó ní kí ló wá le níbẹ̀, ṣebí ìwé ẹrù ni òun ń kọ lójoojúmọ́, ohun tó bá wà nínú ọkọ̀ náà ni òun ń kọ. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni Lánlọ́ọ̀dù ní kó kó jáde nílé wa, torí wọ́n ní òun ló gbé àìsàn wọlé. Ó ti kó àwọn abọ́ rẹ̀ sínú páálí. Mò ń rí páálí náà láti ibi tí mo dúró sí.

O lè béèrè pé kí ló dé tí n kò fi fóònù pè ọ́. Mo pè ọ́. Obìnrin tó ń bá ọ dáhùn fóònù yẹn ló gbé e, ó ní o kò sí nítòsí, ó tún fi èdè òyìnbó sọ ọ́ bí ẹni pé n kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Mo kí i, kò jẹ́ mi. Mo ní kó jọ̀wọ́ sọ fún ọ pé ìyá rẹ wà nílé ìwòsàn, ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló ti gé e. N kò bá a jà, ó lè jẹ́ pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kò fẹ́ kí ẹni tí kì í dáhùn ìkíni gbọ́ ọ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ibà kan wọ àdúgbò wa. Àwọn dókítà ń pè é ní dẹ́ńgè, àwa ń pè é ní afọ́-eegun, torí bó ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí ibà tí a mọ̀, èyí tó ń mú èèyàn gbọ̀n, tí a ó lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta sí, tí a ó sì dìde lọ́jọ́ kẹrin. Èyí á kàn já lu èèyàn lójijì ni, ara á gbóná janjan, orí á máa fọ́, ẹ̀yìn ẹyinjú á máa dùn débi pé èèyàn ò ní lè yí ojú wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo oríkèé á máa ro, bó bá sì tó ọjọ́ mélòó kan, nǹkan pupa wẹ́wẹ́ á sú sí i lára. Wọ́n ní kò sí oògùn tó ń pa á, omi mímu àti ìsinmi ni, àti parasẹtámọ̀. Ọmọ Ìyá Aránṣọ tó wà ní yàrá iwájú ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan Lánlọ́ọ̀dù fúnra wọn, wọ́n ń ti orí bẹ́ẹ̀dì pàṣẹ pé kí ibà náà jáde nínú ilé àwọn kí oṣù tó parí.

Ni àwọn onílera bá dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo dàgbà jù nínú ilé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Wọ́n ní ṣé mo rìnrìn àjò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í fi nǹkan pamọ́ fún ìjọba. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo lọ sílé ìwẹ̀ láràárọ̀, mo lọ sọ́dọ̀ onípákó nígbà mẹ́ta, mo gun òrùlé Lánlọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan lọ kan páànù, mo sì gbéra láti lọ gẹ irun mi ṣùgbọ́n òjò dá mi padà ní ìdajì ọ̀nà, n kò wá mọ̀ bóyá ìyẹn náà wọ ìrìn àjò. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní Bàbá, ó ti tó. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Má-sáré, ó ní òun gbé sìmẹ́ńtì lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé báyìí ni gbogbo ilé yíjú sí i. Wọ́n ní ó tán, òun ló lọ gbé e wá.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Aránṣọ ti ń gbé korobá omi rẹ̀ jìnnà sí ti Má-sáré. Bó bá jáde nílé ìwẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná sílẹ̀ kí ẹlòmíì tó wọ ibẹ̀. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé àyẹ̀wò sọ pé kò ní in, kò sì ní in rí. Lánlọ́ọ̀dù gba ìwé náà wò, wọ́n ní ẹni tó ń gbé odindi àpò sìmẹ́ńtì kiri, kí ni yóò ṣòro fún un láti gbé ìwé kan wá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Má-sáré ti kọ ìyẹn sílẹ̀ báyìí.

Ó wá kan ìyá rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò lè gbé orí sókè. Mo lọ ra oògùn ara ríro lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, èyí tó pupa tó ń dán, mo fún un lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ó dán ni mo ṣe fọkàn tán an. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jò nínú ibà yìí, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ nù. Ní ọjọ́ kẹrin, ara ìyá rẹ tutù. Inú mi dùn, mo yí gbogbo ilé po, mò ń sọ fún wọn pé ibà ti gbọ́ràn. Ìyá rẹ dìde, ó gbálẹ̀, ó bá mi jà nítorí ẹ̀rún pákó tó wọ inú omi ìwẹ̀ rẹ̀. Àṣé ìgbà tí ara bá tutù yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó yí, inú ti ń run ún, ó ń bì, nígbà tó fẹ́ fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti ìdí eyín rẹ̀.

Mo sáré lọ bá Lánlọ́ọ̀dù pé kí wọ́n fi mọ́tò wọn gbé wa. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ mò ń rí táyà rẹ̀ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Má-sáré ti di sìmẹ́ńtì kún ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ gbéra. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àpò náà sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan títí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi ṣófo, ó tẹ́ mátíràsì ara rẹ̀ síbẹ̀, a gbé ìyá rẹ lé e. Ọjọ́ yẹn ló sáré. Òjò pa àwọn àpò tó wà nílẹ̀, gbogbo wọn dì gbagidi, kò sì tíì mẹ́nu kàn án fún mi títí di òní, ẹnu Ìyá Aránṣọ ni mo ti gbọ́ ọ, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n so omi kọ́ fún ìyá rẹ, ó ń kán sí i lára. Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, àyà mi já, mo rò pé wọ́n ti fẹ́ dì í fún mi gbé lọ sílé ni, mo bú sẹ́kún, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì ní kí n dákẹ́, pé kí ẹ̀fọn má baà mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó lọ kó o ran ẹlòmíì ni. Wọ́n ní nǹkan wẹ́wẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dí ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti fẹ́ jò, bí mo ṣe máa ń fi gọ́ọ̀mù po ìyẹ̀fun pákó dí ojú ihò. Ti ìyá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ní kí wọ́n bù nínú tèmi fi kún un, ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé, kò ní ṣàjèjì sí i lára. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ ò tíì rí bẹ́ẹ̀, kí n lọ jókòó. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ láti mọ ibi tó dé. Ó tó ọjọ́ kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Nígbà tó béèrè kóòmù rẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní kú.

Ibi tí mo jókòó sí ni nọ́ọ̀sì kan ti gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri, ó ní kí gbogbo àwa tí a tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí a wá gbọ́ bí ibà yìí ṣe ń wọlé. Ó nàka sí ẹyin dúdú wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ inú ife. Ó nàka sí tanwíjí. Ó nàka sí ẹ̀fọn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe dúdú-funfun. Ó ní ẹ̀fọn yìí ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì, ọ̀sán ló máa ń jẹni, inú omi mímọ́ tó bá dúró sójú kan ló ń yé sí, kì í sì í fò jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí. Àkọ́bí mi, ara mi bù máṣọ. Mo mọ gbogbo wọn. Mo mọ ẹyin náà, mo mọ tanwíjí náà, mo mọ ẹ̀fọn náà àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo sìn wọ́n.

Má-sáré ti dá ìkọ̀wé dúró. Ó ní kí ni mo sọ. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàìsàn, ọmọbìnrin onílera kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ife dúdú kan kọ́ sí kọ̀rọ̀, ó bu omi sí i, ó fi aṣọ pẹlẹbẹ kan sí i nínú. Ó ṣàlàyé fún mi, àlàyé rẹ̀ sì pọ̀. Ìṣó wà lẹ́nu mi, mò ń kan ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí àwọn ọmọ tó kàwé ṣe máa ń sọ ọ́, èmi ń mi orí. Nígbà tó ní ṣé ó yé yín, Bàbá, mo ní ó yé mi. Kò yé mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ pé kó tún un sọ. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni ẹyin ẹ̀fọn, ni kíkà, ni pé n kò gbọdọ̀ da omi rẹ̀ nù, ni pé òun á máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbé káàdì kan kọ́ sára ògiri, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó yọ aṣọ náà, ó wò ó, ó kọ mẹ́wàá sínú káàdì. Lọ́sẹ̀ kejì ó kọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ kẹta ó pariwo pé háà, Bàbá, ó yọ bírò pupa, ó kọ ọgọ́rin, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́bí mi, ìwọ lo máa ń mú irú rẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwé, bírò pupa, ìlà méjì lábẹ́. Èmi á gbà á lọ́wọ́ rẹ, màá wò ó pẹ́, màá ní o káre, ìyá rẹ á sì rọra yí i padà kó dojú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó fún mi ní máàkì rí. Mo dúró síwájú káàdì náà nígbà tó lọ tán, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Mo tún ti gbọ́ nínú rédíò pé inú oró ejò ni wọ́n ti ń mú oògùn ejò jáde. Mo wá rò ó dáadáa, mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ara ẹ̀fọn ni wọ́n á ti mú oògùn ibà jáde, ìjọba ló ń pín ẹ̀fọn fún àwọn èèyàn tó ṣeé fọkàn tán láti bá wọn sìn ín. Mo mọ̀ pé tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀fọn ìjọba ni, pé wọ́n á wá kó o kó tó dàgbà. Mo kan pẹpẹ kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe òrùlé kékeré lé e kí oòrùn má baà pa wọ́n, mo wá ife méje mìíràn, mo fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn Lánlọ́ọ̀dù kùn wọ́n ní dúdú, mo bu omi òjò sí wọn, mò ń fọ́ búrẹ́dì gbígbẹ sí wọn láràárọ̀. Wọ́n ń jó nínú omi, ọ̀pọ̀lọpọ̀. N kò sọ fún ọmọbìnrin náà, mo fẹ́ kó rí i lójijì lópin oṣù. Ṣùgbọ́n kò padà wá mọ́, ibà ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti kó òun àti àwọn onílera ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ló wá là á yé mi pé ẹyin tí wọ́n ń kà yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀fọn ṣe pọ̀ tó ládùúgbò, pé ìkìlọ̀ ni bírò pupa yẹn, kì í ṣe oríyìn.

Ìyá rẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí ẹ̀fọn fi ń jẹ òun lọ́sàn-án gangan. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni, kó fara dà á. Ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ yẹn ló máa ń jókòó sí, tó bá ń bá mi na ìṣó tó ti tẹ̀. Fèrèsé Ìyá Aránṣọ ló kọjú sí i. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ibà náà dé àdúgbò, nọ́ọ̀sì ní ó ti wà káàkiri ìlú kí Má-sáré tó ti ìrìn àjò dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó pín in nínú ilé wa, mo mọ ọwọ́ tó bọ́ ọ.

Èyí tó tì mí lójú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà níwájú. Mo ti ilé ìwòsàn délé láàárọ̀ kùtùkùtù, mo da gbogbo ife náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo fi kànrìnkàn fọ inú wọn títí ọ̀dà fi bó, torí nọ́ọ̀sì ní ẹyin rẹ̀ lè wà lórí gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó sì tún pa. Mo tú pẹpẹ, mo fi dáná. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Lánlọ́ọ̀dù pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n ní Má-sáré gbọ́dọ̀ lọ. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo dàgbà jù sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, àkọ́bí mi, mo fi Ọlọ́run búra, mo sì gbé e mì. Mo wo òkè, mo ní ilé nilé yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Mo tún ní pákó kan ti ń jábọ́ lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé màá bá wọn kàn án. Nígbà tí mo yíjú, Má-sáré dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní ẹ kú ìjókòó, Bàbá, ìyá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun? Mo ní ó ti ń jẹun. Ó wọlé. Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì lọ́jọ́ náà, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ ọ́ fún un. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo tọrọ ìṣáná. Ní ìgbà kejì mo tọrọ iyọ̀. Ní ìgbà kẹta mo ní kí ni aago wí, aago sì wà lọ́wọ́ mi, ó ń wò ó. Ní ìgbà kẹrin ni mo ní kó wá bá mi kọ lẹ́tà sí ọmọ mi. N kò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ ọ́, ni mo ṣe kẹ́yìn sí i, tí mò ń sọ ọ́ fún ọ.

Ibi tí ìwé yìí ti ya díẹ̀ yẹn, òun ló tẹ bírò mọ́ ọn. Kò bú mi. Ó béèrè pé ife mélòó lẹ ní, Bàbá. Mo ní mẹ́jọ pẹ̀lú ti ìjọba. Ó kọ mẹ́jọ. Pákó tí mò ń fá ti tán lọ́wọ́ mi, n kò sì lè dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló ní ìyá òun pe òun lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti gbọ́ ọ débẹ̀, ó ń bi òun pé ṣé òótọ́ ni pé àrùn wà lára òun, pé kí òun má tíì wá sílé o, nítorí àwọn ọmọ. Ó ní kí n máa bá lẹ́tà mi lọ. Mo gbé ẹ̀rọ ìfápákó sílẹ̀, mo yíjú sí i, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ẹ̀rún pákó, èmi tí mo lè bí i. Ó ní kí n dìde, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn mí láti gbé mi dìde.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nìyí, a tún ti jókòó. Lánàá nírọ̀lẹ́ mo ní kí gbogbo ilé pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kí Má-sáré ka lẹ́tà yìí sókè fún wọn, kí èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n á ti máa rí ojú mi. Ó kà á láti orí àjà kẹsàn-án dé ibi ẹ̀rún pákó. Nígbà tó dé ibi mọ́tò Lánlọ́ọ̀dù, wọ́n wúkọ́, òun náà dúró dè wọ́n kí wọ́n wúkọ́ tán. Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wọlé lọ, kò tíì kí mi láàárọ̀ yìí, n kò sì dá a lẹ́bi. Lánlọ́ọ̀dù ní ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, àwọn ti gba ọ̀rọ̀ àwọn padà, kí Má-sáré tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Má-sáré dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun á lọ ní Sátidé bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ní òun kò lè máa wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ti ń da omi gbígbóná tẹ̀ lé òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní Bàbá, mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n lọ.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra pákó àti ìṣó, mo fẹ́ kan ìdérí sí gbogbo dúrọ́ọ̀mù omi tó wà ládùúgbò yìí, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó tún ká nẹ́ẹ̀tì kan fún ìyá rẹ, ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá mú ìyá rẹ kúrò nílé ìwòsàn. Má fi owó náà sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ìwọ náà, da omi tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó ọ́fíìsì yín nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì fọ inú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀fọn lè gun àjà mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn àpótí onírin yẹn bá ṣí, kọ́kọ́ wò yíká kí o tó wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣàlàyé nǹkan fún ọ tí kò yé ọ, jọ̀wọ́, sọ pé kò yé ọ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò dé. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣe ohun tí ojú rẹ kò ní lè wò. Ẹni tó ṣoore fún ọ kò ní fi ẹkún kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Àwọn tó ń fi ọ́ yangàn kò ní dójú tì ọ́, bí èmi ṣe ṣe yìí. Àmín.

Má-sáré ní ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni òun máa gbà lọ́la, pé òun á bá mi fi lẹ́tà yìí síbẹ̀ bí òun bá ti di ẹrù òun sọ́kọ̀ tán. Nítorí náà, bó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, Má-sáré ti kúrò nílé wa nìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.